Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́jọ, fóònù kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Aláró

Mo kí gbogbo ilé, mo kí àgbà, mo kí ẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ní Òṣogbo. Olùkọ́ wa pín wa ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya fíìmù tí kò ní ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Ìtàn tiwa dá lórí ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà ń rẹ adìrẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ọmọ náà kò sì fẹ́ fọwọ́ kan aró, títí ojú ìyá àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì.

A ti kọ ìtàn tán, a sì ti rí màmá kan tí wọ́n gbà láti ṣe ìyá àgbà fún wa. Ẹ̀rọ ló kù tí a kò mọ̀ ọ́n lò. Fóònù Android kan tó dára díẹ̀ la ní, pẹ̀lú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń gbé e dúró àti làptọ́ọ̀pù kan tí RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 8GB. Ní Sátidé tó kọjá, a ya ìran kan ṣoṣo láti fi dán ara wa wò, nǹkan mẹ́ta ló sì dójú tì wá. Nínú yàrá, ìlà dúdú-dúdú ń rìn gba ojú àwòrán kọjá bí ìgbà tí omi ń ṣàn lórí gíláàsì. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bo ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré mọ́lẹ̀. Nígbà tí a wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ètè àti ohùn kò bá ara wọn rìn mọ́. Bí fídíò náà ṣe ń gùn sí i ni àlàfo wọn ń fẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Onífídíò Òde

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìlà tó ń rìn yẹn kì í ṣe àìsàn fóònù yín. Iná mànàmáná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gílóòbù tí ẹ rò pé ó ń tàn geere, ìgbà 100 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbóná tí ó sì ń rẹlẹ̀ láàrin àkókò yẹn. Ojú wa kì í rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń rí i. Ọ̀pọ̀ fóònù ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbé e jáde láti ilé iṣẹ́, àwòrán 30 ni ó ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpéǹpéjú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, á sì máa ṣí fún ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá nígbà púpọ̀. Ìyẹn bá iná Amẹ́ríkà mu, nítorí pé ìgbà 60 ni tiwọn ń lọ tí ó ń bọ̀. Tiwa kò bá a mu, ibẹ̀ ni ìlà ti ń wá.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ wo inú kámẹ́rà fóònù yín bóyá ẹ ó rí apá tí wọ́n kọ Pro sí, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún fídíò. Bí kò bá sí, áàpù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Blackmagic Camera, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dé orí Android ní ọdún 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń gbà á. Ẹ fi iye àwòrán sí 25, kí ẹ sì fi ìpéǹpéjú, tí wọ́n máa ń kọ shutter sí, sí 1/50. Bí yàrá bá mọ́lẹ̀ jù, 1/100 náà yóò ṣe é, nítorí pé ó ṣì bá ìlọbọ̀ iná wa mu. Ní ìta, lábẹ́ oòrùn, kò sí gílóòbù tó ń ṣẹ́jú, nítorí náà bí 1/50 bá sọ àwòrán di funfun báláú, ẹ lè gbé e sókè sí 1/200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rìn yóò dà bí ẹni tó ń fò díẹ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n kò ní ba ìtàn yín jẹ́.

Ó ní ibi tí ìmọ̀ràn yìí ti lè já yín kulẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lórí 50 gan-an. Bí ẹnìkan bá tan àáyọ́ọ̀nù nínú ilé, yóò mí, iye náà yóò sì yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iná jẹnẹrétọ̀ lẹ ní, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ṣiṣẹ́, tàbí kí ẹ lo iná tí ń lo bátìrì, kí ẹ sì kọ́kọ́ yà á wò fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé àwọn kan nínú iná bátìrì náà ń ṣẹ́jú.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí ìgbéyàwó kan nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ pọ̀ bí ìràwọ̀. Nígbà tí mo délé, ìlà ń rìn lójú ìyàwó láti ìgbà tó wọlé títí di ìgbà tí wọ́n gé kéèkì. Mo dá ìdajì owó wọn padà, mo sì tún bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ẹ fi gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ni pé fóònù dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó yára jù: ó ti pinnu kí ẹ tó pè é. Ẹni tó wọ aṣọ funfun bá kọjá, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ewé bá mì níwájú, ó gbé ojú kúrò lára òṣèré lọ sára ewé. Iṣẹ́ yín ni láti gba àwọn ìpinnu yìí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ẹnìkan nínú yín, kí ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, kí ẹ yà á nígbà tí fóònù ń ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ti ìmọ́lẹ̀ àti ojú lẹ́ńsì pa, ìyẹn ni pé kí ẹ má jẹ́ kí fóònù yí wọn padà fúnra rẹ̀ mọ́, kí ó tún rìn. Kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ni fóònù nìkan.

Etí Rédíò

Ẹ̀gbọ́n onífídíò ti tọ́jú ojú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti etí, nítorí pé ìdí ẹ̀rọ ohùn ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ mi.

Èdè Yorùbá lẹ fẹ́ fi ṣe fíìmù. Bí ohùn bá ti ṣókùnkùn nínú fíìmù Yorùbá, ìtumọ̀ náà ń lọ nìyẹn, nítorí pé ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀ ló ń ya ọkọ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀, tí ó sì ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọ̀kọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ó yà á báyìí, kí ẹ wá fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn náà. Ìró jẹnẹrétọ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló wà, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin fìdí sí. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan, ẹ ti gé lára èkejì.

Ibi tí gbohùngbohùn wà ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Bí ẹ bá gbé e kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu òṣèré, tí ẹ gbé e dé ẹsẹ̀ bàtà méjì, agbára ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri kò ní dín kù ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù tó wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní òpin yàrá kò fi lè gbọ́ yín. Ẹ wá fóònù kejì, kò di dandan kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi áàpù agbohùnsílẹ̀ sí i, kí ẹ yan irú fáìlì ohùn tí ń jẹ́ WAV àti ìwọ̀n 48 kHz, kí ẹ sì fi í sí ipò ọkọ̀ òfuurufú kí ìpè má baà wọlé. Ẹ fi í pamọ́ sẹ́yìn igbá tó wà níwájú ìyá àgbà, tàbí kí ẹ rọra so ó mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ. Kí kámẹ́rà náà máa gba ohùn tirẹ̀ lọ, ẹ óò nílò rẹ̀ fún ìbámu. Nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnìkan dúró sójú kámẹ́rà, kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan gbọ̀ọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé, ẹ ó sì rí ibi tí ohùn ti ga ṣóńṣó. Ẹ gbé wọn lé ara wọn. Bí ìran bá gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ tún pàtẹ́wọ́ ní ìparí, nítorí pé aago inú fóònù méjì kì í fi gbogbo ara dọ́gba.

Kí ẹnìkan fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn etí (earphone) gbọ́ ohùn náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá parí ìran kan, kí ó gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó kúrò lójú ibi tó dúró sí. Níbi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ti ya ìran, ẹ gba ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí pé yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀, ẹ ó sì nílò rẹ̀ láti fi dí ojú àpá níbi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀.

Ní ti aládùúgbò onijẹnẹrétọ̀, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde. Ẹ sọ wákàtí tí ẹ fẹ́ fún un ní pàtó: ẹni tí wọ́n bẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú máa ń gbà, ẹni tí wọ́n ní kí ó pa á títí wọn yóò fi parí kì í gbà. Ìpè àdúrà ní mọ́ṣáláṣí ní àkókò tí a mọ̀, ẹ fi sínú ètò yín kí ẹ sì jẹun nígbà náà. Òjò lórí páànù ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ìgbọ̀nà

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n kí ni gbogbo wàhálà fóònù yìí? Ẹ dá owó jọ, ẹ háyà kámẹ́rà ńlá fún ọjọ́ méjì pẹ̀lú dróònù, kí àwòrán yín lè jọ ti sinimá. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Onífídíò Òde

Àbúrò, mo ní kámẹ́rà ńlá, mo sì ń háyà rẹ̀ jáde, nítorí náà èmi gan-an ni ìmọ̀ràn rẹ yóò ṣe láǹfààní. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì ńlá tí a ṣí gbayawu kì í gbà ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ kí ojú ènìyàn tó bọ́ sínú kùrukùru. Bí ìyá àgbà bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, imú wọn yóò hàn kedere, ojú wọn yóò di kùrukùru. Ẹni tí kò ì tí ì fọwọ́ kàn án rí kò lè kọ́ ọ láàrin ọjọ́ méjì tí aago owó ń lù. Ní ti dróònù, ìwé àṣẹ ni, láti ọ̀dọ̀ NCAA tí ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú àti láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́jọ nípa ìkòkò aró kò nílò rẹ̀.

Atúnfíìmùtò

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kẹta, ti ètè àti ohùn. Ohun tó fà á ni pé fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà nígbà gbogbo. Bí ibi tí ẹ wà bá ṣókùnkùn, tàbí tí fóònù bá gbóná, ó lè ya 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá yìí, kí ó ya 27 ní èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì ní sọ fún yín. Ohùn kò dúró dè é. Ètò tí ẹ fi ń tún fíìmù tò á rò pé iye kan ṣoṣo ni, á wá tò wọ́n bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé. Bí ẹ bá ti lo áàpù tí ẹ̀gbọ́n sọ, tí ẹ sì fi sí 25, ìṣòro náà yóò dín kù gan-an. Èyí tí ẹ ti yà sílẹ̀, ẹ gbé e gba inú HandBrake kọjá, ètò kọ̀ǹpútà tí ń yí fídíò padà, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ yan iye tí ẹ fi yà á, kí ẹ sì yan Constant Framerate, ìyẹn iye àwòrán tí kì í yí padà. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gé ohunkóhun. Bí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó rántí, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ gé.

Ní ti làptọ́ọ̀pù yín: gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé kí ẹ lọ gba DaVinci Resolve láti fi tún fíìmù tò. Ètò tó dára ni, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì tó fún fíìmù odindi, ṣùgbọ́n RAM 16GB ni ó ń fẹ́ kí ó tó lè mí dáadáa. Lórí 8GB, ẹ ó máa tẹ bọ́tìnì, ẹ ó sì máa gbàdúrà. Kdenlive tàbí Shotcut ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà, wọn kò sì wúwo tó bẹ́ẹ̀. Nínú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní proxy kí ẹ sì tàn án: ètò náà yóò ṣe ẹ̀dà kékeré fún fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kékeré yẹn lẹ ó máa fi ṣiṣẹ́, èyí tó mọ́ gaara ni yóò sì fi gbé fíìmù jáde ní ìparí.

Ẹ ṣírò ààyè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí fóònù yín bá ń kọ 50 mẹ́gábíìtì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi 8 pín in, 6.25MB nìyẹn, ní ìṣẹ́jú kan, 375MB. Bí ẹ bá ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú kan tí yóò kù nínú fíìmù, ìṣẹ́jú 80 lẹ ó yà, tí í ṣe 30GB. Fóònù tí àwòrán àríyá àti fídíò WhatsApp ti kún inú rẹ̀ kò lè gbà á. Ẹ sọ inú rẹ̀ di òfìfo ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sì máa kó o sórí làptọ́ọ̀pù ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà: ọ̀kan nínú làptọ́ọ̀pù, ọ̀kan lórí dísíìkì tí ẹ̀ ń fi wáyà so, ọ̀kan ní ilé ẹlòmíràn. Mo ti pa káàdì kan rẹ́ rí nígbà tí mo rò pé èkejì rẹ̀ ni mo mú dání. Ìyàwó mi gan-an mọ̀ pé a kì í bá mi sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Kí ẹnìkan máa kọ ìwé: ìran kìíní, ìgbà kẹta, ohùn dára, ọmọ kékeré kọjá lẹ́yìn. Ìwé yẹn yóò gbà yín lọ́wọ́ wíwo ìṣẹ́jú 80 lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọmọ Aláró

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ tí a ti fi í sí 25 àti 1/50, ìlà náà ti lọ pátápátá, èmi fúnra mi sì ti gbé fídíò àtijọ́ gba inú HandBrake kọjá, ètè àti ohùn ti bára wọn mu. A ti ṣe eré ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé náà. Ó yà wá lẹ́nu bí fóònù ṣe ń ṣe wọ̀bìà.

Ìṣòro tuntun dé. A lọ sí àgbàlá aró ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Ojú màmá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, òfuurufú sì funfun láìsí ìkùukùu kankan nínú rẹ̀. Èyí tó tún dùn wá jù ni àwọ̀ aró: nínú fídíò kan ó jọ búlúù, nínú èkejì ó jọ eérú, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni.

Onífídíò Òde

Ẹ kò ti ìmọ́lẹ̀ pa sórí ojú màmá, òfuurufú lẹ jẹ́ kí fóònù máa wò. Nígbà tó rí ọ̀run tó mọ́lẹ̀ rekete, ó dín gbogbo rẹ̀ kù, àwọ̀ dúdú tiwa ló sì jìyà rẹ̀. Ẹ yí kámẹ́rà kí ògiri tàbí igi wà lẹ́yìn wọn dípò òfuurufú, kí wọ́n jókòó sábẹ́ òjìji níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wá síwájú wọn, kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú wọn, kí ẹ sì tì í pa. Kí ẹnìkan mú páálí fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn nínú àpótí, kí ó fi ta ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó ṣókùnkùn. Agogo mọ́kànlá kò dára, oòrùn ti wà lórí. Agogo méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ lò, tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ sì má fi ìran pàtàkì pamọ́ de ìgbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, nítorí pé ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, kì í fi ìlọ́ra wọ̀.

Ní ti àwọ̀ aró, ìpinnu kan ló ṣì kù lọ́wọ́ fóònù tí ẹ kò tí ì gbà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ WB sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ohun funfun máa jẹ́ funfun lábẹ́ oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀. Bí aṣọ aró bá ti gba gbogbo ojú àwòrán, fóònù á rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ni ó ti di búlúù, á wá da àwọ̀ òféefèé sí i láti fi tún un ṣe, aró yín á sì di eérú. Ẹ fi sí 5600 ní ìta, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde láti inú ìkòkò aró, ewéko ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń jọ, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di búlúù díẹ̀díẹ̀? Ẹ gbé fóònù sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti gbogbo nǹkan pa, kí ẹ ya aṣọ náà láti ìgbà tó jáde títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí, láìgé. Ìran tí dróònù kò lè fún yín nìyẹn. Bí ẹ bá fi WB sílẹ̀ fún fóònù, yóò máa tún àwọ̀ náà ṣe bó ṣe ń yí, ẹni tó ń wò ó kò sì ní rí nǹkan kan.

Bàbá Alárìnjó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo rẹ̀, inú mi ń dùn. Èmi kò mọ kHz, ṣùgbọ́n mo mọ òṣèré. Orí ìtàgé la ti kọ́ iṣẹ́ ní ìlú yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ Mbari Mbayọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládípọ̀ dá sílẹ̀ ní 1962, ṣì gbóná lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́. Kámẹ́rà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí màmá yín bá ti ṣe eré orí ìtàgé rí, wọn yóò máa gbé ohùn sókè, wọn yóò sì máa ju ọwọ́. Ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n ń ṣe àṣejù, kò tọ́ sí ọmọdé láti sọ fún àgbà. Ẹ jókòó tì wọ́n lẹ́yìn kámẹ́rà, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni wà nínú yàrá, wọn yóò fi ohùn kan náà dá yín lóhùn. Kí ẹnìkan nínú yín dúró sí ipò wọn nígbà tí ẹ bá ń to iná àti kámẹ́rà. Ẹ pè wọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ṣetán. Àgbàlagbà kì í bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò ní ìgbà mẹ́wàá nítorí pé ọmọdé gbàgbé láti tẹ bọ́tìnì.

Ẹ sì gba àṣẹ. Aláró tó ni àgbàlá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí, pẹ̀lú àgbà kan tí wọ́n mọ̀. Bí ìtàn yín bá gbé yín dé igbó Ọ̀ṣun, ẹ ní láti dé ọ́fíìsì àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, nítorí pé ọwọ́ wọn ni igbó náà wà, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ẹ sì ní láti fi tó ààfin létí. Bí ẹ bá bá wọn lẹ́nu ètùtù, ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ṣé ẹ rántí ohùn tó jáde láti inú odò nígbà tí igi àwọn ọdẹ wó lulẹ̀, tó ní wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán? Ìlú aró la wà. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìkòkò kí ó rọra rìn.

Ìyá Akọ́mọlédè

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ fíìmù àti àkọlé ìsàlẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Mo ti rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó dára tí àmì ohùn fò kúrò lórí ọ̀rọ̀ lọ sórí lẹ́tà mìíràn, tàbí tí àpótí kékeré gba ipò ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e ni, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó lẹ́wà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e. Noto Sans mọ̀ ọ́n, Charis SIL àti Gentium náà mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí Etí Rédíò kọ sókè yẹn sí i kí ẹ wò ó lórí fíìmù gan-an, kì í ṣe lórí ìwé nìkan. Bí ẹ bá ń fi àkọlé pamọ́ sí fáìlì SRT, tí í ṣe fáìlì àkọlé ìsàlẹ̀, UTF-8 ni kí ẹ yàn, ìyẹn ọ̀nà ìfi-lẹ́tà-pamọ́ tó gba àmì wa.

Ọmọ Aláró

Bàbá, Màmá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́. A ti ya ọjọ́ kan nínú méjì. Aládùúgbò pa jẹnẹrétọ̀ fún wa fún ìṣẹ́jú 40, ó tún gbé àga jáde wá wò wá. A rí aṣọ náà tí ó yí láti ewéko sí búlúù, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko láìgé, màmá kò sì sọ̀rọ̀ rárá nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Fóònù kejì tí a so mọ́ àyà ọmọbìnrin náà ń dún ràkà-ràkà bí ó bá ti yí ara, nítorí aṣọ tó ń fara ra á. Ọ̀la la ó ya ìran tí òun àti ìyá àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Kí ni kí a ṣe?

Etí Rédíò

Ẹ tú u kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó nínú ìran náà, ẹ fi fóònù sínú agbọ̀n aṣọ tó wà láàrin àwọn méjèèjì, kí ẹnu gbohùngbohùn kọ sókè, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ ìnura tó nípọn sábẹ́ rẹ̀ kí ìró ilẹ̀ má baà gun orí rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá máa dìde, kí ó sọ gbólóhùn rẹ̀ tán kí ó tó dìde. Bí kò bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá gbohùngbohùn kékeré tí ń há mọ́ aṣọ, kí ẹ fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ ara lábẹ́ ọrùn aṣọ, kí ẹ sì ká wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ó má baà máa fà nígbà tó bá mí. Aṣọ ọ̀fì ń dún ju àǹkárá lọ, nítorí náà, bí ẹ kò bá tí ì ya ìran kankan tí ó ti wọ ọ̀fì, àǹkárá ni kí ó wọ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní alẹ́ òní fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ síbí kí agogo mẹ́wàá tó lù, mo ṣì wà lójúfò.